Làálì Ọjọ́ Ìdánwò

Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò náà tún ké, iná pupa tún tàn lójú rẹ̀. Tehmina gbé àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò, ó nù ún mọ́ etí ìborùn rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Pupa. Ó gbìyànjú ìka kejì. Pupa. Ó gbìyànjú ọwọ́ òsì. Ẹ̀rọ kékeré náà kàn ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí láyé.

"Ìyàwó, ẹ yẹ̀ fún wa ná," ni ọmọbìnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ohun tí mo há sórí láti àná ti ń yọ́ nínú oòrùn yìí."

"Ẹ jẹ́ kó rọra ṣe," ni ẹlòmíràn dáhùn. "Ẹ ò rí ọwọ́ rẹ̀ ni? Ọkọ á fẹ́ràn èyí débi pé á gbàgbé orúkọ ìyá ẹ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Tehmina kò lè rẹ́rìn-ín. Láti ìgúnpá dé èékánná, làálì ni gbogbo ọwọ́ rẹ̀, òdòdó lórí òdòdó, ewé lórí ewé. Orí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n sì kùn pátápátá, tó pọ́n títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, bí ìgbà tí èèyàn ti ọwọ́ bọ ìkòkò aró. Àǹtí Zubaida, àbúrò bàbá rẹ̀, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kun orí ìka wọ̀nyẹn. "Làálì tó bá dúdú, ìfẹ́ ọkọ á dúdú," ni Àǹtí wí. "Èmi ò jẹ́ kí wọ́n kun orí ìka tèmi nígbà tèmi, mo ní ó ń yún mi. Gbogbo yín lẹ ṣáà mọ ohun tójú mi rí nílé ọkọ." Ta ló máa rò ó nígbà náà pé ẹ̀rọ kan wà nílùú tí kì í rí ojú ìka lábẹ́ làálì?

Mádàámù Naheed, alábòójútó ìdánwò, dé. Obìnrin gíga ni, gíláàsì rẹ̀ jókòó sí góńgó imú. Ó gba ìwé ìwọlé Tehmina, ó wo fọ́tò orí rẹ̀, ó wo ojú ọmọbìnrin náà, ó tún wo fọ́tò.

"Kí lo wá ṣe ìdánwò lé lórí?"

"Oyè ọlọ́dún méjì nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ẹ mà. Ti òní nìkan ló kù fún mi."

"Ẹni inú fọ́tò yìí, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ nípọn, awọ rẹ̀ sì ṣú. Tìrẹ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ara rẹ sì ń dán."

"Wọ́n tún ojú mi ṣe fún ìgbéyàwó ni, ẹ mà. Ìrọ̀lẹ́ òní ni."

"Ọmọ mi, gbogbo ìyàwó ló jọra wọn. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí, ó ṣe ìdánwò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kun làálì nílé. Látìgbà náà ni òfin ti le. Ẹni tí ìka rẹ̀ kò bá wọlé, kí bàbá rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ wá tẹ̀ka dúró fún un. Ọ̀rẹ́ kọ́, àǹtí kọ́."

"Ẹ mà, mo mọ̀ ọ́n o!" ni Kiran ké láti inú ìlà. Kiran ni ọ̀rẹ́ Tehmina láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. "Ẹ bi í ní ìṣirò kan péré. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ óò mọ̀ pé òun gan-an ni. Ìṣirò yìí náà ló ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì!"

Ẹ̀rín tún sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ tó ń dunni ni Kiran fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdánwò ìṣirò ètò ọrọ̀ ajé ti dá Tehmina nù. Nígbà àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn tó padà gbẹ̀mí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ló ti ń kàwé, kò sì mọ ohun tó ń kà. Nígbà kejì, àmì díẹ̀ ló fi kùnà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òfin fàyè gbà, ẹ̀ẹ̀kẹta náà sì ni òní. Bí òní bá bọ́, ọdún méjèèjì wọgbó. Kò sí oyè, kò sí ìwé ẹ̀rí, yunifásítì kankan kò sì ní gbà á wọlé láti máa bá a lọ. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìdánwò sí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó. Ooru mú, ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ pa, wọ́n sún ìdánwò síwájú, ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ló sì já sí. Ìgbéyàwó kò ṣeé sún. Ilé iṣẹ́ Shehroz, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní Sharjah lókè òkun kò fún un ní ìsinmi tó gùn.

"Tehmina," ni Kiran sọ kẹ́lẹ́ bí ó ṣe ń wọlé lọ, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́, "ṣe nǹkan kan. Jọ̀ọ́, ṣe nǹkan kan."

Ó ṣe é. Ó sá lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó fi ọṣẹ fọ̀, ó fi yanrìn bó o. Làálì kò mira. Bàbá Ramzan, aṣọ́nà ọgbà, ń wò ó.

"Ọmọ mi, kì í ṣe ìdọ̀tí nìyẹn. Inú awọ ló wà."

"Ẹ bá mi wá nǹkan tó le, Bàbá."

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó? Wọ́n ní ìyàwó tó bá bó làálì rẹ̀, ìfẹ́ ọkọ rẹ̀ ló ń bó dànù o."

"Ẹ bá mi wá a!"

Bàbá àgbà náà mi orí, ó he àfọ́kù bíríkì kan fún un. Tehmina fi ha àtàǹpàkò rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ń ha á, ó ń sunkún, làálì tí Àǹtí Zubaida kùn ń bó dànù pẹ̀lú awọ, títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ó sáré padà sídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ kun ojú rẹ̀, iná rẹ̀ pọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi aṣọ nu ẹ̀rọ náà bí ìgbà tí èèyàn ń nu itọ́ ọmọ.

Bàbá Ramzan ló yá a ní fóònù. Ó pe Bashir, bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbà mí. Wọ́n ní kí ẹ wá tẹ̀ka fún mi."

"Níbo?" Ohùn Bashir le bí igi òfì tó fi ń hun aṣọ láti ìgbà ọmọdé. "Àwọn àlejò ti ń dé, àwọn alásè ń béèrè igi ìdáná lọ́wọ́ mi. Ìyàwó wo ló ń rìn kiri lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé e? Mo ní kí o lọ, mo fara mọ́ ọn. N kò sọ pé kí o wá fi mí ṣe ẹlẹ́yà lójú àwọn àna mi." Ó pa fóònù.

Orúkọ kan péré ló kù. Ìyàwó kì í pe ọkọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àfi ẹni tí kò ní ìtìjú. Tehmina wá ìtìjú lọ nínú ara rẹ̀, kò rí i.

"Shehroz, ẹ má bínú sí mi."

Ohùn kan ṣoṣo tó mọ̀ ju ti ara rẹ̀ lọ dá a lóhùn. Fún ọdún méjì, láti Sharjah, ohùn yẹn ló ń pè é nígbà ìsinmi ọ̀sán, tí á ní, "Olùkọ́ mi, kí la kọ́ lónìí?" Tehmina á sì ṣàlàyé fún un ìdí tí owó tó ń fi ránṣẹ́ fi ń pọ̀ sí i nígbà tó bá délé, síbẹ̀ tí ìyẹ̀fun tí ó ń rà kò pọ̀ sí i. Ọkùnrin náà á ní, "Ìwọ nìkan ló lè mú kí ìṣòro dùn létí mi báyìí." Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ ẹnì kan lórí fóònù rí ni ẹ óò mọ̀ pé ìfẹ́ náà kì í ní ojú, kìkì etí ni. Láti ìgbà tó ti dé sílé yìí, àwọn ẹbí kò tíì gbà kí àwọn méjèèjì ríra.

Ọ̀kadà àyálò ni Shehroz gùn dé. Àtàlẹ̀ pupa tí àwọn àǹtí rẹ̀ fi ń pa á lára láti àárọ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbéyàwó, ṣì wà lójú rẹ̀, ó ti gbẹ, ó ń sán. Tehmina fa ìborùn bojú pátápátá, ó dúró sẹ́yìn géètì onírin.

"Fi ọwọ́ rẹ hàn mí," ni Shehroz wí.

Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ gba àárín irin. Ọkùnrin náà wò ó dáadáa. Ó kọjú sí Mádàámù Naheed.

"Ẹ mà, èmi ni ọkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ka."

"Wọ́n ti so yìgì?"

Shehroz wolẹ̀. "Ó di ìrọ̀lẹ́, ẹ mà."

"A jẹ́ pé ó di ìrọ̀lẹ́ kí o tó di ọkọ rẹ̀. Ní báyìí, ọmọkùnrin tó fi àtàlẹ̀ kunra ni ọ́." Mádàámù wo àtàǹpàkò Tehmina tí ẹ̀jẹ̀ ń sun lára rẹ̀, ó yọ gíláàsì, ó fi ìborùn rẹ̀ nù ún. "Ohun kan péré ni mo lè ṣe fún ọ, n kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọlé. Kọ ọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni ìwé rẹ máa wà, kò ní bọ́ sínú àpò pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń kó ìwé bá dé, bí bàbá rẹ kò bá tíì tẹ̀ka, n óò fa ìlà lé e lórí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Má wá dá mi lẹ́bi."

"N óò mú bàbá wá," ni Shehroz wí. Kó tó gun ọ̀kadà, ó bojú wẹ̀yìn. "Olùkọ́ mi, máa kọ ọ́ lọ."

Nínú gbọ̀ngàn, iná ti lọ, fáànù ti dúró. Òógùn ń kán sórí ìwé. Tehmina fi aṣọ di àtàǹpàkò, kò lè di bírò mú dáadáa, àwọn nọ́ńbà rẹ̀ ń wọ́ bí ẹni tó mutí. Ìbéèrè kìíní: kí wọ́n ṣírò bí owó ọjà ṣe gòkè láàárín ọdún mélòó kan, ìyẹ̀fun, epo, ṣúgà. Ó mọ èyí, ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ohùn kan nílẹ̀ òkèèrè. Ìbéèrè kejì: báwo ni àwọn nọ́ńbà ṣe jìnnà sí àárín wọn tó? Ó rántí bí àárín ṣe rí, ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dé ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pa á rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lójú fèrèsé, ó ń wo géètì. Kò sí ọ̀kadà. Ó fojú padà sí ìwé. Ó tún wo géètì. Ìyá Shehroz ti sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó: "Kó parí eléyìí, kí a gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ ògiri. Nílé mi, ètò ọrọ̀ ajé ni ká mọ iye tí wọ́n ń ta àlùbọ́sà." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè kẹrin kò yé e rárá. Ó kọ nǹkan kan síbẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ ẹni tí yóò ṣàyẹ̀wò rẹ̀ kó ṣàánú.

Agogo lù. Wọ́n gba ìwé. Kiran kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ ọ léjìká.

Nígbà tí ó jáde, tó tún fa ìborùn bojú, bàbá rẹ̀ wà níwájú tábìlì Mádàámù, Shehroz sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ funfun ìgbéyàwó ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, láwàní rẹ̀ ti wọ́.

"Ọkọ rẹ ní bí n kò bá wá, òun kò ní gun ẹṣin wá gbé ìyàwó lónìí," ni Bashir wí, kò wo ojú ọmọ rẹ̀. "Ó sọ ọ́ níwájú àwọn alásè. Irú àna wo lo bá mi wá yìí?"

Ṣùgbọ́n ó na ìka sí ẹ̀rọ. Pupa. Ó nù ún mọ́ aṣọ, ó tún tẹ̀ ẹ́. Pupa. Gbogbo ìka ni ó tẹ̀ tán.

Mádàámù mú ọwọ́ bàbá náà, ó wò ó nínú ìmọ́lẹ̀. Orí ìka wọ̀nyẹn ń dán bí òkúta odò. Òwú ti jẹ ojú wọn tán, láti ọdún gbọọrọ tí wọ́n ti ń fà á gba ojú òfì.

"Mádàámù, èmi ni mo bí i," ni Bashir wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Àmì wà léjìká rẹ̀, n óò júwe rẹ̀."

"Mo gbà yín gbọ́, bàbá. Ẹ̀rọ ni kò gbà."

Ọkọ̀ tó ń kó ìwé fọn fèrè níta. Tehmina jókòó sílẹ̀, sórí iyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀. Kò sunkún. Omijé náà ti tán nídìí ẹ̀rọ omi. Bàbá rẹ̀ wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. Ó pẹ́ tó ti wò ó bẹ́ẹ̀, bóyá láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀.

"Ẹ ní bàbá tàbí ọkọ?" ni ó bi Mádàámù.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

Bashir yọ fóònù. "Ààfáà Ghafoor? Ẹ gbé ìwé yìgì yín, kí ẹ máa bọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí yín. Rárá, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ní báyìí. Ẹ má wẹ̀ mọ́, ẹ máa bọ̀!"

Ààfáà dé, ó ń mí hẹlẹ, ìwé yìgì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. "Bashir, ṣé orí rẹ pé? Ẹlẹ́rìí dà? Oúnjẹ dà?"

"Ẹlẹ́rìí rèé," ni Bàbá Ramzan wí. Ó ti gbé tíì fún awakọ̀ tó wá kó ìwé, ó sì fà á lọ́wọ́ wá tòun ti ife. "Èmi kan, òun kan. Mùsùlùmí ni, mo ti bi í."

"Èmi wá kó ìwé ni o," ni awakọ̀ wí.

"Mu tíì rẹ, kí o jẹ́rìí. Ta ló ń lé ọ?"

Ààfáà jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Orúkọ ọkọ, orúkọ ìyàwó, sàdáàkì tí ìdílé méjèèjì ti fẹnu kò lé lórí. Ó dé ojú ìwé tí wọ́n ti ń béèrè bóyá obìnrin náà ní àdéhùn kan tí ó fẹ́ kí ọkọ ṣe. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbé bírò, ó fẹ́ fa ìlà gba ibẹ̀ kọjá, bí gbogbo ààfáà ìlú náà ti máa ń ṣe.

Tehmina rí bírò náà. Ó rí ìgbésí ayé rẹ̀ lábẹ́ ìlà yẹn: ìwé ẹ̀rí lórí ògiri, òun nídìí àlùbọ́sà. Bí ó bá dákẹ́, ìdánwò òní là. Bí ó bá sọ̀rọ̀, tí Shehroz sì bínú dìde, ọdún méjì lọ, ọkọ lọ, gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ má fa ìlà síbẹ̀," ni ó wí.

Ààfáà gbójú sókè. "Kí ló dé?"

"Mo ní àdéhùn. Ẹ kọ ọ́ pé n óò máa kàwé lọ ní yunifásítì títí n óò fi gba oyè ńlá, tí ẹnikẹ́ni nílé ọkọ mi kò ní dá mi dúró."

"Tehmina!" ni bàbá rẹ̀ ké.

"Ọmọ mi, a kì í kọ nǹkan síbẹ̀," ni Ààfáà wí. "Ìyàwó tó bá kọ nǹkan síbẹ̀, wọ́n á ní kò fọkàn tán ọkọ. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dúró sínú oòrùn báyìí, ṣé òun ni yóò tún máa ná ọjà?"

Fóònù Shehroz ń dún lápò rẹ̀. Gbogbo wọn mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ló ń pè. Tehmina ṣí ìborùn kúrò lójú. Kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, kí wọ́n tó gbé dígí sáàárín wọn kí wọ́n lè kọ́kọ́ rí ojú ara wọn nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó wò ó lójú gan-an, ojú tó kún fún àtàlẹ̀, tí òógùn ti là á ní ìlà ìlà. Òun nìyí. Ó lẹ́wà ju ohùn rẹ̀ lọ, ẹ̀rù sì ń bà á.

"Mo fọkàn tán yín," ni Tehmina wí. "Ọkàn mi kò balẹ̀ lórí ọ̀la ni. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wọ ilé ìyá yín kó jáde láàyè."

Shehroz fọwọ́ bo àpò tí fóònù wà. Ó wo ilẹ̀. Ó wo géètì tí ọ̀kadà wà lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mádàámù Naheed ti gbé bírò pupa tirẹ̀ sórí ìwé Tehmina, kò sì gbé e kúrò. Tehmina ti bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére fún ohun gbogbo nínú ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kọ ọ́, Ààfáà," ni Shehroz wí. Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà. Mọ́mì á pa mí, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ kó tó dé."

Ààfáà sọ 'Bismillah', ó kọ ọ́. Ó bi Tehmina lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó gbà. Láti ọdún méjì ni Tehmina ti ń fojú inú wo ìdáhùn yẹn, lórí àga pupa, láàárín òdòdó, ní ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ohùn tó jáde há bí ti aláìsàn. "Mo gbà." Kiran, tó sá pamọ́ sẹ́yìn òpó, ń sunkún kíkankíkan. "Mo gbà. Mo gbà."

Shehroz fi àtàǹpàkò lé ẹ̀rọ. Iná rẹ̀ tàn, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Mádàámù Naheed ju ìwé náà sínú àpò aṣọ, ó fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu rẹ̀, ó yọ́ ìda lé e. Awakọ̀ gbé ife sílẹ̀, ó gbé àpò náà lọ. Bóyá Tehmina yege, bóyá kò yege, inú àpò yẹn ni ọ̀rọ̀ wà, ó di oṣù mélòó kan.

Fóònù tún dún. Shehroz gbé e.

"Mọ́mì… rárá, n kò sá lọ… Mọ́mì, wọ́n ti so yìgì."

Igbe tó jáde nínú fóònù náà gba gbogbo ọgbà. Bashir fọwọ́ bojú. Bàbá Ramzan ní, "Ó parí." Shehroz mú fóònù jìnnà sí etí, àwọ̀ rẹ̀ ti funfun lábẹ́ àtàlẹ̀.

Tehmina na ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì.

"Ẹ gbé e fún mi."

"Jẹ́ kó tutù díẹ̀ ná, olùkọ́ mi."

"Kò ní tutù." Ó gba fóònù, ó gbé e sétí. "Ìyá, ẹ káàsán o. Tehmina ni. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé yìgì náà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."